Híhun, mímọ, gbígbẹ́: bí ilé tí ẹranko ń kọ́ ṣe lè yé ọmọ ọdún márùn-ún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ni mo ń kọ́ n'Íbàdàn, ọmọ 28 ló wà ní kíláàsì mi. Ẹ̀kọ́ lórí ilé àwọn ẹranko ń bọ̀ ní sáà yìí, ọ̀sẹ̀ méjì la ó fi ṣe é. Àwọn tí mo kọ́ lọ́dún tó kọjá kọ orin rẹ̀ dáadáa, wọ́n mọ̀ pé ibùba ni kìnnìún ń gbé, pé inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìjàpá ń gbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ìtẹ́ ẹyẹ gidi wọlé, ọ̀pọ̀ wọn ní ìdọ̀tí ni. Ọmọ kan tiẹ̀ bi mí pé bí ìjàpá bá fẹ́ kó lọ sílé tuntun, níbo ló máa ń bọ́ ti àtijọ́ sí. N kò rí èsì fún un. A ò lówó tí a ó fi kó wọn lọ ọgbà ẹranko. Kí ni kí n ṣe tí yóò fi yé wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Tíṣà. Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ ìjàpá bẹ̀rẹ̀, torí òun ló fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti ń dàrú. Wọ́n sọ fún un pé ilé ni igbá ẹ̀yìn ìjàpá. Onílé sì gbọ́dọ̀ lè jáde nílé rẹ̀. Ọmọ náà ronú ire, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni kò tọ́. Igbá yẹn kì í ṣe ilé, ara ìjàpá ni: eegun ẹ̀yìn rẹ̀ àti eegun ìhà rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn látinú. Bí èèyàn ò ṣe lè bọ́ agbárí rẹ̀ kọ́ sára ìṣó, bẹ́ẹ̀ ni ìjàpá ò lè bọ́ igbá rẹ̀. Bí ẹ bá rí igbá ìjàpá tó ti kú yá lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ yí inú rẹ̀ sókè, kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí òpó eegun tó là á láàárín. Àlọ́ tó ní ìjàpá já láti ọ̀run tí igbá rẹ̀ fi fọ́ wẹ́wẹ́ kò burú, ẹ pa á fún wọn, kí ẹ ṣáà fi eegun náà hàn wọ́n lẹ́yìn àlọ́.

Ti ìgbín náà rí bẹ́ẹ̀, ó sì rọrùn láti fi hàn ju ti ìjàpá lọ. Ẹ gba ìkarahun márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìgbín, ẹ sè é nínú omi gbígbóná, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Ṣóńṣó tó wà lókè ìkarahun ni gbogbo ohun tí ìgbín ní lọ́jọ́ tó jáde nínú ẹyin. Bó ti ń dàgbà ló ń fi kún un láti ẹnu ìkarahun, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ ń kàn lára rẹ̀ ni àmì ibi tó ti ń fi kún un. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sin ìgbín fi ń lọ èèpo ẹyin sínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ìka tọ ìlà náà láti ṣóńṣó dé ẹnu, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó fún èyí.

Ẹ wá wo orin yẹn fúnra rẹ̀. Ilé ajá, ilé ẹṣin àti ilé adìyẹ wà nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n mọ́ ìtẹ́ ẹyẹ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Káfíńtà ló kan ilé adìyẹ, bíríkìlà ló mọ ti ẹṣin. Àpótí tí àwọn tó ń sin oyin gbé sábẹ́ igi, èèyàn ló kàn án. Afárá inú rẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ ọwọ́ oyin. Ti kìnnìún ló wá burú jù, nítorí kìnnìún kì í kọ́ ohunkóhun. Àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ yìí, ní Yankari àti Kainji, abẹ́ igi àti inú koríko ni wọ́n ń sùn. Abo rẹ̀ á kàn wá igbó kíjikìji tí yóò fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sí nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọ tó há gbogbo àtòjọ yìí sórí lè gba ogún nínú ogún, kó má sì mọ̀ pé ẹyẹ kan wà láyé tó ń hun ilé rẹ̀ bí ẹni hun aṣọ.

Ohun tí a ó fi rọ́pò àtòjọ náà ni ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló ṣe é? Kí ló fi ṣe é? Kí ló ń fi ibẹ̀ ṣe? Ẹranko tí kò bá ní èsì sí ìbéèrè kìíní, ẹ má kà á mọ́ àwọn tó ń kọ́lé. Ẹ má sì kó ẹranko púpọ̀ wọlé. Mẹ́rin ti pọ̀ tó fún ọ̀sẹ̀ méjì: ẹ̀gà, alápàńdẹ̀dẹ̀, ikán àti òkété. Ẹ̀gà ń hun, alápàńdẹ̀dẹ̀ ń mọ, òkété ń gbẹ́, ikán ń gbẹ́ ó tún ń mọ. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ fi ara kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn: kí wọ́n fi ìka hun, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ mọ, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbẹ́. Gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù, orí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni yóò jókòó lé.

Ẹ fi ẹ̀gà bẹ̀rẹ̀, ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ẹranko tó ń kọ́lé lójú ọ̀nà báyìí láìsá fún èèyàn kò pọ̀. Ibi tí èèyàn wà gan-an ló ń bá gbé, torí àṣá àti ejò kì í fẹ́ sún mọ́ ibi ariwo. Ẹ wá igi ọ̀pẹ, àgbọn tàbí máńgòrò tí wọ́n so ìtẹ́ rọ̀ sí. Ìgbà òjò, tí ewé ṣì tútù, ni ìkọ́lé wọn máa ń gbóná jù, òwúrọ̀ láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án ló sì dára láti wò wọ́n. Kí àwọn ọmọ dúró ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ 15 sí ìdí igi náà, kí ẹ kó wọn lọ ní mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá bí olùrànlọ́wọ́ bá wà. Ìṣẹ́jú 15 péré, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkúta.

Ẹ má kàn ní kí wọ́n “wo ẹyẹ”. Ẹ fún wọn ní ohun tí wọn yóò wá. Àkọ́kọ́: ta ló ń kọ́lé? Akọ ni, èyí tí orí rẹ̀ dúdú, tí ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, tí ojú rẹ̀ pọ́n. Abo kò dúdú lórí, àwọ̀ rẹ̀ kò sì tàn bẹ́ẹ̀. Èkejì: níbo ló ti rí okùn? Akọ á fi ẹnu gé etí ewé ọ̀pẹ, á di í mú, á sì fò lọ. Bó ti ń fò lewé ń ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀kan tí ọmọ bá rí èyí kò ní gbàgbé mọ́, ẹ ní sùúrù dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pẹ tí ẹ̀gà bá pọ̀ lórí rẹ̀ fi máa ń rí bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Ẹ̀kẹta: ìtẹ́ mélòó ló tutù yọ̀yọ̀, mélòó ló ti gbẹ? Ẹ kọ iye méjèèjì sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Iye náà yóò máa yí padà, ẹ̀kọ́ wà nínú ìyẹn. Bí akọ bá kọ́lé tán, á rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́ apá, á máa pe abo. Abo á wá wọlé wò ó. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, tí ilé náà sì ti gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò tún òmíràn hun síbẹ̀. Àwọn ọmọ yóò rẹ́rìn-ín sí èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in.

Bí ilé náà ṣe ń gòkè: òrùka ni akọ kọ́kọ́ ń ṣe, ó ń dúró láàárín rẹ̀, ó sì ń hun yí ara rẹ̀ ká débi tí ẹnu rẹ̀ bá gùn dé. Yàrá ẹyin ló kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ń parí sí. Ẹnu ọ̀nà yẹn dojú kọ ilẹ̀, ó sì ń mú kó ṣòro fún ejò láti wọlé. Bí abo bá gbà, òun ló ń tẹ́ koríko rírọ̀ àti ìyẹ́ sínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àgbà pàápàá kò mọ̀, ẹ rí i pé ẹ sọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ ẹyẹ, ìtẹ́ kì í ṣe ilé tí wọ́n ń gbé. Ibi ìpamọ́ ẹyin àti ọmọ ni. Bí ọmọ bá ti fò, wọ́n fi í sílẹ̀ nìyẹn. Orí ẹ̀ka igi ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ ń sùn. Ẹ lè sọ fún àwọn ọmọ pé ibùsùn ọmọ jòjòló ni ìtẹ́, kì í ṣe pálọ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí ìtẹ́ òfìfo, kí wọ́n má sọ pé ẹyẹ náà ti sọnù.

Lẹ́yìn ọjọ́ kejì tí ẹ ti wò wọ́n, kí àwọn ọmọ hun tiwọn. Imọ̀ ọ̀pẹ tútù kan ṣoṣo á tó gbogbo kíláàsì. Ẹ yọ igi ìgbálẹ̀ àárín ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ ya ewé náà sí ìwọ̀n fífẹ̀ ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ẹ gé e sí gígùn sẹ̀ǹtímítà 30. Ọmọ kọ̀ọ̀kan nílò 12. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé etí tó mú kúrò, torí etí ewé ọ̀pẹ máa ń ya ọwọ́ ọmọdé. Ẹ lọ́ igi ìgbálẹ̀ mẹ́rin pọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ di òrùka tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, ẹ fi òwú so ó. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe òrùka yìí sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ọmọ ọdún márùn-ún kò lè ṣe é.

Ẹ wá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní pẹ́ẹ̀gì kan tí a fi ń há aṣọ. Pẹ́ẹ̀gì ni ẹnu ẹyẹ. Ọwọ́ kejì tó di òrùka mú ni ẹsẹ̀ ẹyẹ, torí ẹ̀gà náà ń fi ẹsẹ̀ tẹ okùn mọ́lẹ̀ kó tó fi ẹnu fà á. Ẹ kọ́kọ́ fi okùn mẹ́rin dábùú òrùka náà, kí ẹ so orí rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọmọ yóò máa ti okùn yòókù bọ abẹ́, bọ òkè, bọ abẹ́. Pẹ́ẹ̀gì yóò máa yọ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn kan á sunkún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó gbà wọ́n láyè láti fi ọwọ́ lásán hun ún, kí wọ́n lè mọ ohun tí ojú ẹyẹ ń rí.

Ohun mẹ́ta ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Bí ewé bá fẹ̀ jù, kò ní gba àárín ara wọn kọjá. Bí ewé bá ti gbẹ, yóò máa ṣẹ́. Ẹ fi èyí ṣe ẹ̀kọ́: ẹ sá okùn mẹ́wàá sóòrùn láti àná, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ tútù kan àti gbígbẹ kan, wọn yóò sì fúnra wọn sọ ìdí tí ẹ̀gà kò fi ń lo ewé gbígbẹ. Ẹ̀kẹta ni pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ewé tútù á ti súnkì, ohun tí wọ́n hun lánàá á ti dẹ̀. Kì í ṣe àṣìṣe wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi okùn méjì-mẹ́ta há àyè tó ṣí. Lẹ́yìn náà ẹ kó ẹ̀wà mẹ́wàá sórí iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ka èyí tó jábọ́. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ní ti mímọ, ẹ wo abẹ́ afárá odò, abẹ́ kọ́fátì tàbí abẹ́ òrùlé ilé alájà fún ìtẹ́ alápàńdẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé alápàńdẹ̀dẹ̀ kọ́lé, kò kan omi, kò kan òkè. Òótọ́ ni, ara ògiri ló lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹrẹ̀ ló ń fi ẹnu bù ní bèbè omi, ìṣù kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìṣù ló ń parí ilé kan. Kì í mọ ọ́n tán lẹ́ẹ̀kan. Á mọ díẹ̀, á jẹ́ kó gbẹ, á tún mọ díẹ̀ lé e. Ohun kan náà ni àwọn amọlé wa ń ṣe nígbà tí ilé alámọ̀ ṣì wọ́pọ̀: ìpele kan lóní-ìn, ó di kó gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ní àárín ìlú Ìbàdàn àtijọ́, ní àyíká Mápó, ìlà ìpele náà ṣì ń hàn lára àwọn ògiri tí ìrẹ́ rẹ̀ ti ṣí. Bí òbí kan bá ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó ya fọ́tò rẹ̀ wá, yóò wúlò ju àwòrán inú ìwé lọ.

Ẹ pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ méje, mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gba agolo mílíìkì amọ̀ pupa mẹ́ta, agolo yanrìn kan, omi agolo kan tí wọn yóò máa bù sí i díẹ̀díẹ̀, àti ẹ̀kúnwọ́ koríko gbígbẹ kan tí ẹ ti gé kúkúrú bí oríkèé ìka. Kí wọ́n rọ ìṣù mẹ́ta: yanrìn lásán, amọ̀ lásán, amọ̀ pẹ̀lú koríko. Ẹ tò wọ́n sínú ìbòòji fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí ẹ bá sá wọn sóòrùn lọ́jọ́ kìíní, òde á gbẹ kí inú tó gbẹ, gbogbo wọn á sì là. Ti yanrìn yóò túká bí ẹ bá ti gbé e. Ti amọ̀ lásán yóò le, ṣùgbọ́n yóò ní ojú lílà. Èyí tó ní koríko ni kò ní fi bẹ́ẹ̀ là. Ẹgbẹ́ kan tí ìṣù rẹ̀ kò bá gbẹ lọ́jọ́ kẹrin, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ má pa á mọ́ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Fún ìtẹ́ gan-an, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ tàbí páálí líle ṣe ògiri, kí wọ́n lẹ ìṣù ẹrẹ̀ tó tóbi bí hóró àgbàdo méjì-mẹ́ta mọ́ ọn, ìlà méjì péré lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ kan yóò kánjú, wọ́n á mọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, yóò sì yọ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé. Ẹ má dá wọn dúró. Ẹgbẹ́ yẹn ni yóò kọ́ gbogbo kíláàsì.

Ọ̀gán, ilé ikán, ni ǹ bá fi ṣáájú gbogbo rẹ̀ bó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ lẹ ń kọ́, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jinlẹ̀. Fún àwọn tiyín, ẹ mú ìwọ̀nba. Ìwé kan máa ń pè é ní ilé èèrà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ikán kì í ṣe èèrà, aáyán ló bá tan. Ilẹ̀ tó gbẹ́ láti ìsàlẹ̀ ló fi itọ́ pò, tó sì fi ń mọ ògiri tó le bíi sìmẹ́ńtì. Nínú rẹ̀ ni yàrá ìyá ikán wà, òun tó nípọn bí ìka àgbà, tó ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lójúmọ́. Oko sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ikán tó ń mọ ọ̀gán ńlá ń kó igi àti ewé gbígbẹ wálé, ó ń gbin olú sórí rẹ̀, olú yìí ló sì ń bá a sọ igi di oúnjẹ. Olú ńláńlá tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì nígbà òjò, inú oko ikán yìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń hù jáde. Ooru tí ikán àti olú rẹ̀ ń mú jáde ń ti afẹ́fẹ́ gòkè, afẹ́fẹ́ ń gba ojú ihò tóótòòtó inú ògiri pààrọ̀ pẹ̀lú tìta, inú ilé náà sì ń wà ní ìwọ̀n ooru bíi 30°C, ì báà jẹ́ òru tàbí ọ̀sán.

Ẹ má fọ́ ọ̀gán láti fi gbogbo èyí hàn wọ́n. Ojú ọ̀nà ikán tó gun ara ògiri tàbí igi níléèwé yín ti tó. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ha ìwọ̀n ìka kan kúrò lára rẹ̀ láàárọ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ẹ padà wò ó lọ́la. Ikán yóò ti dí i. Ara ikán rọ̀, oòrùn ń tètè gbẹ ẹ́, èèrà sì ń dọdẹ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi lè rìn níta gbangba. Bí ó bá pé ọjọ́ méjì tí wọn kò dí i, wọ́n ti pa ọ̀nà yẹn tì, ẹ wá òmíràn.

Ti òkété kò gba wàhálà. Òru ló ń jáde, ẹ ò ní rí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ti rí i nínú ìsáàsùn. Àpò wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì tó fi ń kó èkùrọ́ àti ẹ̀pà wálé. Inú ihò rẹ̀ ní yàrá ọ̀tọ̀ fún oorun, ọ̀tọ̀ fún oúnjẹ, ọ̀tọ̀ fún ìgbẹ́, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Ẹ fi páálí bàtà ṣe é: ẹ dá yàrá mẹ́ta sínú rẹ̀, ẹ fi páálí àárín tíṣú ṣe ọ̀nà, ẹ gé ẹnu méjì sí òkè. Kí àwọn ọmọ tẹ́ koríko sí yàrá kan, kí wọ́n kó èkùrọ́ sí ìkejì. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu kan, kí ẹ ní ọdẹ ti dé. Gbogbo wọn ni yóò nawọ́ sí ẹnu kejì. Kò sí àlàyé tó kù.

Bí àyè bá ṣẹ́ kù ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi àwọn tó ń fi ohun inú ara kọ́lé dárayá. Ìda tí oyin fi ń ṣe afárá, abẹ́ ikùn rẹ̀ ló ti ń sun jáde. Aláǹtakùn ń fa òwú láti ìdí, pàkúté sì ni ọ̀pọ̀ òwú náà, kì í ṣe ilé. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni èèrà pupa tó ń ran ewé pọ̀ lórí igi máńgòrò, ọsàn àti kòkó. Èèrà àgbà kò ní òwú. Àwọn kan á so ara wọn pọ̀ bí ẹ̀wọ̀n, wọ́n á fa ewé méjì súnmọ́ra, àwọn mìíràn á gbé ọmọ wọn tó ṣì wà ní ìdin sẹ́nu, wọ́n á máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún bí abẹ́rẹ́, òwú tó ń jáde lẹ́nu ìdin yẹn ni wọ́n fi ń lẹ ewé. Ẹ dúró jìnnà, ó ń bu ni jẹ.

Kí ẹ sì mẹ́nu ba àwọn tí kò kọ́ nǹkan kan, kí àwọn ọmọ má rò pé dandan ni. Àdán ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kàn ń so rọ̀ lórí igi ni. Ejò tó bá sì wà nínú ihò, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe òun ló gbẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ ejò yìí ni òfin àkọ́kọ́ yín: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ tàbí igi bọ ihò. Ìkejì, oyin àti agbọ́n, àwòrán nìkan ni kí wọ́n ti rí wọn. Bí oyin bá ya lu wọ́n, kí wọ́n bo ojú, kí wọ́n sáré wọ yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ tètè ha ẹ̀gún oyin kúrò lára ọmọ, ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Bí ọmọ bá ń mí gúlegúle tàbí tí ojú rẹ̀ wú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìtẹ́ tó já bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nìkan ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tó ṣì wà lórí igi. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ fi sínú fírísà fún ọjọ́ méjì kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, kí gbogbo ọmọ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Ẹ kì wọ́n nílọ̀ pẹ̀lú pé wọn kò gbọdọ̀ já olú tí wọ́n bá rí.

Ọjọ́ kẹwàá, ẹ má bi wọ́n pé “kí ni orúkọ ilé ẹyẹ?” Ẹ to okùn ewé ọ̀pẹ, ìṣù amọ̀, èkùrọ́ àti ìkarahun ìgbín sórí tábìlì. Kí ọmọ mú ọ̀kan, kó sọ ẹni tó ni ín, ohun tó fi ṣe àti ìdí rẹ̀. Èyí tó bá mú ìkarahun tó sì ní “kò kọ́ ọ, ara rẹ̀ ni,” òye ti yé e. Èyí tó bá dákẹ́, ẹ fún un ní pẹ́ẹ̀gì, kó fi hàn yín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìmọ̀ lọ́wọ́ kó tó dé ẹnu wọn.

Ní ti orin náà, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ yọ kìnnìún àti ìjàpá kúrò, ẹ fi ẹ̀gà àti òkété dí àyè wọn. Ohùn orin náà kò ní yẹ̀.